Bí a ṣe ń da màlúù ní Port Meadow, Oxford

Port Meadow, pápá ìjẹko ńlá kan, wà nínú ìlú Oxford ní England, létí odò Thames. Ẹ̀tọ́ ìjẹko níbẹ̀ ti pẹ́ débi pé Ìwé Domesday ti 1086, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí ọba England ní kí wọ́n ṣe, mẹ́nu kàn án. Àwọn Freemen ìlú (àwọn tó ní oyè ọmọ ìlú láti ayé àtijọ́) àti àwọn ará Wolvercote, àdúgbò ẹ̀bá pápá náà, ló ni ẹ̀tọ́ náà dòní. Bí o kò bá sí lára wọn, má kó ẹran dé ibẹ̀: Sheriff ìlú, ìyẹn olóyè tó ń bójú tó pápá náà, a máa kó ẹran jọ láìkìlọ̀, ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ á sì san owó ìtanràn.

Etí méjèèjì màlúù gbọ́dọ̀ ní àmì tó ní nọ́ńbà kan náà. Bí àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ bá tó, dókítà ẹran á gún awọ ọrùn, á padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí 72.

Odò máa ń bo pápá nígbà òtútù. Dúró kí ilẹ̀ gbẹ, torí pátákò á sọ ilẹ̀ rírọ̀ di ẹrẹ̀. Ilẹ̀ olómi tún ni ilé ìgbín kékeré tó ń gbé aràn ẹ̀dọ̀: ẹran á rù, abẹ́ àgbọ̀n á wú. Jẹ́ kí dókítà yẹ ìgbẹ́ wọn wò.

Nínú ewéko olóró, ragwort, olódòdó yẹ́lò, ló burú jù. Màlúù kì í sábà jẹ ẹ́ ní tútù torí ó korò. Bó bá gbẹ, ìkorò á dín, májèlé á ṣì wà. Wọ ìbọ̀wọ́, fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kó o jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó tu ú jù sílẹ̀ ti fi májèlé sílẹ̀ fún ẹran. Má túlẹ̀, má da ajílẹ̀. Òfin dáàbò bo pápá yìí.