Orí ìka tó tẹ̀ tí kò nà mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí dídi ìka mọ́ igi

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀lù ló gbá ọmọ wa lórí ìka àárín ní iléèwé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Orí ìka náà tẹ̀, kò lè nà án fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fọwọ́ gbé e, ó ń nà.

Ìdáhùn: Iṣan tó ń na orí ìka ló já, tàbí kó ti fa eérún eegun yọ. Ẹ ya X-ray ná. Bí eegun tó ṣẹ́ bá tóbi tàbí oríkèé bá yẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà eegun ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, igi ló máa ń wò ó.

Oríkèé tó sún mọ́ èékánná nìkan la ń dì. Ẹ jẹ́ kí oríkèé àárín máa ká, kó má baà gan. Ẹ fi òwú tẹ́ igi pẹlẹbẹ (ti áísíkiriìmù náà tó), ẹ gbé e sábẹ́ ìka, ẹ na orí ìka gbọnrangandan, kẹ́ ẹ wá fi pílásítà wé e. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn débi tí awọ orí oríkèé á fi funfun. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́ nìyẹn, awọ náà lè di egbò. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni, tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn náà, òru nìkan fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4.

Ìbéèrè: Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 5, síbẹ̀ ó ṣì ń tẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ wo bí ẹ ṣe ń tú u. Ibi ìwẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́ sí. Bí orí ìka bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣan tó ti ń so pọ̀ tún já nìyẹn, ẹ ó sì tún kà á láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó dunni, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbùjá. Kí ọmọ da àtẹ́lẹwọ́ dé orí tábìlì kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ fa igi yọ, kí ẹlòmíì di orí ìka mú ní nínà, ẹ nu awọ náà kó gbẹ, ẹ fi òwú tuntun dì í padà. Òwú tútù ló ń jẹ́ kí awọ rà.

Ìbéèrè: Ìka wú lábẹ́ igi, ó ń kú tipiri.

Ìdáhùn: Ó há jù. Ẹ tú u kíákíá, ì báà jẹ́ dókítà ló dì í, ì báà jẹ́ àwọn tó ń to eegun ládùúgbò. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tú u, ẹ tẹ èékánná, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀: bí pupa rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, tàbí tí ìrora ń le sí i, ẹ gba ọsibítù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹran ìka lè kú kílẹ̀ tó mọ́. Òrùka sì gbọ́dọ̀ ti kúrò kí ìka tó wú.

Ìbéèrè: Tó bá nà, àmọ́ tí orí rẹ̀ kò ká ńkọ́?

Ìdáhùn: Iṣan tó ń ká orí ìka, ti ìhà àtẹ́lẹwọ́, ló já. Igi kò lè wo ìyẹn, iṣẹ́ abẹ ni, kó má sì kọjá ọ̀sẹ̀ kan, torí iṣan náà ń sún wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ.