Bí mo ṣe mú kí bọ́ọ̀sì tí à ń sùn sí ṣíwọ́ òógùn lílà

Bọ́ọ̀sì tí mo sọ di ilé kékeré fún ìrìn àjò, irin ni látòkè délẹ̀, àyàfi ibi tí gíláàsì wà. Nígbà ooru kò sí wàhálà. Àmọ́ bí òtútù bá ti dé, kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á ti bo gbogbo gíláàsì, á máa ṣàn lọ sídìí fèrèsé, òrùlé náà á sì máa kán tó, tó, tó sórí aṣọ ìbora. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i máa rò pé òjò ló ń jò wọlé. Kí n tó náwó lé ohunkóhun, mo ní kí ìyàwó mi jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo wá ń fi róbà omi fọ́n omi sí etí gbogbo fèrèsé àti òrùlé látìta. Ẹ̀kán kan kò wọlé. Ó wá dájú pé inú ọkọ̀ níbẹ̀ ni omi náà ti ń wá, àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ la sì ń pèsè rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè gba omi mọ́ra ju èyí tó tutù lọ. Ẹ wo àpótí afẹ́fẹ́ kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Bí ó bá wà ní 20°C, ó lè gba oru omi bíi gíráàmù 17. Bí ó bá tutù dé 10°C, gíráàmù 9 àti díẹ̀ ló lè gbà. Ní 0°C, kò tó 5 mọ́. Èyí tí kò ríbi gbé á lọ lẹ̀ mọ́ ohun tó bá tutù jù nítòsí, bó ṣe máa ń ṣe lára ìgò omi tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Bí inú ọkọ̀ bá wà ní 20°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo omi tó lè gbà, ohunkóhun tó bá tutù ju 12°C lọ ni omi máa hàn lára rẹ̀. Lóru ìgbà òtútù, gíláàsì iwájú ọkọ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Níbo wá ni omi yìí ti ń jáde? Ẹni tó ń sùn ń mí omi síta, ara rẹ̀ náà ń tú u sílẹ̀, bíi gíráàmù 40 ní wákàtí kan. Bí ẹni méjì bá sun oorun wákàtí mẹ́jọ, ó ti lé ní ìdajì lítà nìyẹn, láìtíì dá iná rárá. Gáàsì ìdáná ló yà mí lẹ́nu jù. Bí kílò kan gáàsì propane bá jó tán, omi tó máa tú sínú afẹ́fẹ́ lé ní kílò kan ààbọ̀, torí pé háídírójìn tó wà nínú gáàsì náà ń dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì di omi. Èyí kò kan omi tó ń hó nínú ìkòkò o, ti iná fúnra rẹ̀ nìkan ni mò ń sọ. Ká tún wá fi aṣọ òjò tó rin gbindin kún un, bàtà tó mu omi, àti irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo rà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo gbé ọ̀kan kọ́ sáàárín ọkọ̀, jìnnà sí ìdáná àti fèrèsé, mo fi èkejì sí ẹsẹ̀ ibùsùn, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Kò sí ohun tó tún là mí lójú bíi rẹ̀. Mo rí i bí nọ́ńbà ṣe ń sáré lọ sókè bí a bá ti gbé omi tíì kaná, àti bó ṣe ń gùn díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti sùn títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ìpinnu mi ni pé kó má máa kọjá 60, torí pé bó bá ń pẹ́ ní 70 sókè, èbu á rí ibi jókòó sí.

Lẹ́yìn náà ni mo kan fáànù sí òrùlé, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi iṣẹ́ mìíràn ṣíwájú rẹ̀. Èyí tí mo rà ń lo iná 12 fóòtì, ó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ó sì ní ìdérí tó ń jẹ́ kéèyàn lè ṣí i nígbà òjò. Ihò tó ń fẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìbú àti ní òró. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ínǹṣì 14, torí náà ẹ wọn èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gé nǹkan. Láti inú ni mo ti fa ìlà, kí n lè rí i pé n kò gé egungun irin òrùlé. Mo fi dírílì lu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gun òkè, mo lẹ téèpù káàkiri kí jígísọ̀ọ̀, ayùn oníná tí mo fi gé irin, má bàa ha ọ̀dà. Mo ti tẹ́ aṣọ gbòòrò sábẹ́ ṣáájú, torí èérún irin tó bá fọ́n ká, bó bá ti rí omi, á dípẹtà síbi tó wà, á sì ba ibẹ̀ jẹ́. Nígbà tí mo gé e tán, mo fi fáìlì ra etí ihò náà, mo kùn ún ní ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, mo sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ojú òrùlé kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀ ló máa rí òjò gidi nínú ọkọ̀. Mo fi igi ṣe férémù sábẹ́ páànù, mo fi gọ́ọ̀mù kún gbogbo ibi tó rẹlẹ̀ kó lè tẹ́, kí n tó gbé fáànù lé e tí mo sì fi síkírù dè é mọ́ igi ìsàlẹ̀.

Nígbà tí mo sọ pé òru la máa máa ṣí i, ìyàwó mi wò mí títí. Ó ní, “Dádì, ṣé inú òtútù yìí lẹ fẹ́ ká máa ṣí òrùlé sùn?” Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tútù kò ní omi púpọ̀ nínú, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ ìta tó wà ní 5°C, bó tilẹ̀ kún fún omi dé góńgó, kò ju gíráàmù 7 lọ nínú àpótí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá gbé e wọlé tí a mú un gbóná dé 20°C, ọ̀rinrin rẹ̀ á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló dà yẹn, ebi omi ń pa á, á sì gbé omi wa jáde lọ. Ibi tí ìta bá ti móoru, tó sì kún fún ọ̀rinrin ju inú ọkọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yí padà: bí èèyàn bá tan ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀, kó ti fèrèsé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi ìta ló ń pè wọlé.

Fáànù nìkan kò tó o. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ibi gbà wọlé, ariwo lásán ni fáànù á máa pa. Ibi ìwọlé gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kó sì jìnnà sí fáànù, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ọkọ̀ já kó tó jáde. Fáànù tiwa wà lápá ẹ̀yìn lókè ìdáná; fèrèsé awakọ̀ la máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ìka kan. Mo lẹ ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ òkè rẹ̀ látìta tí kì í jẹ́ kí òjò fọ́n wọlé. Yíyí tó kéré jù ni fáànù máa ń yí mọ́jú, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fa bátìrì.

Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yẹn nílò ooru. Mo rí àwọn tó ń tan sítóòfù gáàsì sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè móoru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Yàtọ̀ sí omi tó ń tú sílẹ̀, gáàsì carbon monoxide tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, lè pa èèyàn sójú oorun. Híítà tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni mo fi sábẹ́ àga. Ìta ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tó fi ń jóná, ìta náà ni páìpù èéfín rẹ̀ ń yọ sí. Ooru gbígbẹ nìkan ló ń fẹ́ sínú. Síbẹ̀ mo kan ẹ̀rọ tó ń kígbe bí carbon monoxide bá wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, n kò sì fi nǹkankan dí àwọn ihò kékeré tó wà nílẹ̀ nítòsí sílíńdà gáàsì, torí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ibẹ̀ ló máa gbà jáde bó bá ń jò.

Ìgbà yìí ni mo tó wá kọjú sí ògiri. Mo tú gbogbo pákó ìbora kúrò, mo sì rí i pé ẹ̀yìn wọn tutù, irin ibẹ̀ ti ń yọ àmì ìpẹtà níbi mélòó kan. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí èèyàn má gbára lé ohun tójú rí: gíláàsì ń fi omi tirẹ̀ hàn wá, irin ń fi tirẹ̀ pamọ́. Róbà fóòmù dúdú tí ihò inú rẹ̀ dí pátápátá ni mo lẹ̀ mọ́ irin, èyí tó nípọn ní mìlímítà 19 sí ojú páànù gbòòrò, mo wá fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wé egungun irin kọ̀ọ̀kan. Ibi egungun yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ooru ń gbà sá lọ tí omi sì ń kó jọ sí. Ohun tó ń jẹ́ kí róbà yìí ṣiṣẹ́ ni pé ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kò rí irin tútù fọwọ́ kàn. Bí ó bá ṣí níbì kan, omi á gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Lórí fífi irun àgùntàn bo irin dípò róbà, ẹnu àwọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ yìí kò kò. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó lè fa ọ̀rinrin mọ́ra kó sì tún tú u sílẹ̀ láìbàjẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá dé ara irin, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fóòmù olómi tí wọ́n ń fọ́n sínú ihò ni mo kórìíra jù, torí ó lè dí àwọn ojú ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí omi òjò kò bá ráyè jáde níbẹ̀, ilẹ̀kùn á jẹra láti inú.

Nígbà tí mo fẹ́ dá pákó padà, mo kọ́kọ́ de igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ egungun irin, mo sì wá fi síkírù kékeré de pákó mọ́ igi náà. Síkírù tó bá ti inú pákó dé irin tààrà, òtútù á tọ̀ ọ́ wọlé, ẹ ó sì rí ẹ̀kán omi lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn láàárọ̀ bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ tò wọ́n síbẹ̀.

Ti fèrèsé kò gba àkókò. Ìbòjú tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì láti inú dára fún ooru, àmọ́ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ á túbọ̀ tutù, omi á sì jókòó sáàárín. Èyí tí a ń dè sí gíláàsì iwájú látìta ni mo yàn, ó ń mú kí gíláàsì náà fúnra rẹ̀ móoru díẹ̀. Ìyà rẹ̀ ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ jáde sínú òtútù lọ tú u.

Abẹ́ ibùsùn ni kí ẹ má gbàgbé. Omi ara ń gba inú fóòmù ibùsùn lọ sísàlẹ̀, bó bá sì bá pákó tútù pàdé, ibẹ̀ ló máa dúró sí, tí á sì bu. Mo yọ pákó odidi tó wà níbẹ̀, mo fi igi tóóró tóóró rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo láàárín, mo sì tẹ́ ẹní àwọ̀n tó nípọn lé e kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ fóòmù. Fóòmù náà kò gbọ́dọ̀ fara kan ògiri. Láàárọ̀ a máa ń gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan títí a ó fi jẹun tán.

Àwọn iyọ̀ calcium chloride tí wọ́n ń tà nínú ike láti fa ọ̀rinrin ńkọ́? Wọ́n dára fún ọkọ̀ tí a ti pa tì, tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Fún ẹni méjì tó ń mí omi tó lé ní ìdajì lítà lóru kan, a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀rọ kékeré oníná 12 fóòtì tó ń fa ọ̀rinrin náà kò yàtọ̀ púpọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè rí kó. Ẹni tó bá ní iná gidi níbi tó páàkì sí lè lo èyí tó tóbi, tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn ń ṣiṣẹ́.

Ìyókù jẹ́ àṣà ojoojúmọ́. A ń tan fáànù kí á tó ṣáná sí gáàsì, a sì ń jẹ́ kó yí díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí oúnjẹ bá jinná. Ìkòkò kì í wà láìsí ìdérí. Aṣọ tó bá tutù kì í kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ní báyìí, ẹ̀rọ tó wà láàárín ọkọ̀ kì í sábà kọjá 55 mọ́jú, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn máa ń fi díẹ̀ jù ú lọ. Ibi tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni ilẹ̀kùn méjèèjì tó wà níwájú, torí irin wọn wà níta gbangba, kò sì sí bí mo ṣe lè bò wọ́n kí fèrèsé wọn ṣì máa lọ sókè sódò. Wọ́n ṣì ń làágùn níbẹ̀. Wáípà ọwọ́ kékeré kan àti táwẹ̀lì la fi ń nù wọ́n láàárọ̀, a sì ń fún táwẹ̀lì náà síta, a kì í sá a sínú ọkọ̀.