Ẹ̀rù Dókítà Eyín Ń Bà Yín? Bẹ́ẹ Ṣe Lè Béèrè Fún Oògùn Tó Ń Mú Ara Balẹ̀

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu láti oṣù tó kọjá, tẹ́ẹ ń kó Panadol mì, torí pé ẹ ò fẹ́ jókòó sórí àga yẹn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù gan-an. Ṣé abẹ́rẹ́ ni, àbí ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín, àbí èébì ló máa ń gbé yín tí nǹkan bá ti kan ọ̀nà ọ̀fun? Ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ọjọ́ tó pé, ẹ má ṣe bí akin. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, jẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n máa ń fi pa èrìgì kí wọ́n tó gún un, ẹlòmíì ò nílò jùyẹn lọ. Ẹ tún jọ fi àmì sí i pé tẹ́ẹ bá ti na ọwọ́ òsì sókè, kó dúró.

Tíyẹn ò bá tó, ẹ béèrè gáàsì. Nitrous oxide tí wọ́n pò mọ́ ọ́síjìn ni, imú lẹ máa fi fà á. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, Horace Wells, dókítà eyín kan l'Amẹ́ríkà, fà á símú kí wọ́n tó yọ eyín tiẹ̀ lọ́dún 1844. Ara á fúyẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ò ní sùn, tí wọ́n bá sì ti yí i sí ọ́síjìn nìkan, ojú á dá láìpẹ́. Lójú tèmi, òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ dán wò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ló ní in, torí náà ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ẹ tó wọkọ̀ láti Kábà tàbí Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, kówó mọ́tò má lọ ṣòfò. Tí ọ̀fìnkìn bá dí imú, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, kó sọ.

Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀rù ni àwọn nǹkan yìí ń mú kúrò, wọ́n ṣì máa fún yín lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí èrìgì kú.

Oníhóró ńkọ́? Diazepam ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Valium, dókítà lè ní kẹ́ẹ lò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tàbí bíi wákàtí kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì torí ẹnì kan sọ pé ó ṣiṣẹ́ fóun. Tó bá pàdé tramadol, kòdíìnì tàbí ògógóró nínú ara, mímí lè lọ sílẹ̀ débi téèyàn ò ní jí mọ́. Bàbá tó ń mu ẹmu lálaalẹ́, kó sọ iye tó ń mu gan-an, kó má kọ́kọ́ wojú ìyàwó ẹ̀. Ẹni tó ń hanrun gan-an, tó ní ásímà, tó jẹ́ SS tàbí tó ń mu àgbo, kó sọ.

Èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló lágbára jùyẹn lọ, midazolam ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ ṣì máa dáhùn tí wọ́n bá pè yín, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ bi wọ́n: ta ló máa máa wo mímí mi nígbà tí dókítà bá kọjú sí eyín? Ẹlòmíì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn fúnra ẹ̀, àti flumazenil tó ń já agbára midazolam. Tí wọ́n bá ń yí ìdáhùn po, ẹ dìde kẹ́ẹ máa lọ.

Kí wọ́n múuyàn sùn pátápátá, tíátà nìyẹn, yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù, ọmọdé tí eyín púpọ̀ ti bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀ ló sábà máa ń nílò ẹ̀.

Tó bá jẹ́ oníhóró tàbí ti inú iṣan, ẹ mú àgbàlagbà kan dání tó máa sìn yín délé. Fún wákàtí 24, ẹ má gun ọ̀kadà, ẹ má wakọ̀, pàápàá lójú ọ̀nà Ọbàjànà níbi tí tírélà sìmẹ́ntì ti ń tẹ̀lé ara wọn, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ kankan.

Ẹ má fi falẹ̀ o, torí ibi tí ọyún bá ti kún, abẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Tí abẹ́ àgbọ̀n bá sì wú, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, ọ̀rọ̀ gáàsì tàbí oníhóró ti kúrò ńbẹ̀, ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù ni kẹ́ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ lóru.