Ẹja omi iyọ̀ ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí aràn inú ẹja

Ìbéèrè: Ẹja mi ń jẹun bí ẹni tí ìyàn mú, àmọ́ ńṣe ló ń rù sí i. Inú rẹ̀ ti wọlé, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí òwú. Ṣé aràn ni?

Ó lè jẹ́ aràn, àmọ́ ẹ má tíì ra oògùn. Ẹja tí kò rí nǹkan jẹ pàápàá máa ń ya ìgbẹ́ funfun, torí pé ikun inú ìfun lásán ló ń jáde. Ohun tí mo máa ń wò ni bí nǹkan mẹ́ta bá pàdé: ó ń jẹun, ó ń rù, ìgbẹ́ funfun náà ò sì dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ dúró lókè táǹkì kí ẹ wò ó, ẹ má wò ó láti ẹ̀gbẹ́ nìkan. Bí ẹran ẹ̀yìn orí rẹ̀ bá ti jò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá mú bí ojú ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ ọ bóyá ẹja mìíràn ń lé e nídìí oúnjẹ. Mo ti fi oògùn ṣòfò rí lórí ẹja tó jẹ́ pé ebi lásán ló ń pa á.

Ìbéèrè: Oògùn wo ló ń pa èwo?

Metronidazole wà fún àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ìfun tí ojú lásán ò lè rí, irú bíi Spironucleus. Praziquantel wà fún aràn pẹlẹbẹ, fenbendazole sì wà fún aràn roboto. Bí okùn pupa tín-ín-rín bá yọrí ní ihò ìdí ẹja, aràn roboto ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá ní maikirosikóòpù ti bọ́ lọ́wọ́ àbá dídá: ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ rẹ̀, torí àwọn tín-tìn-tín yẹn máa ń sáré kiri nígbà tí wọ́n bá ṣì wà láàyè, àmọ́ bí wọ́n bá ti kú, ẹ ò ní dá wọn mọ̀.

Ìbéèrè: Mo ti lo kọ́pà fún ọjọ́ 14, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Kò lè sí. Ohun tó ń jẹ ara àti ìjàgbọ̀n ẹja, bíi Cryptocaryon (kòkòrò tó ń fa àmì funfun lára ẹja òkun), ni kọ́pà ń bá jà. Kò kan aràn inú ìfun rárá. Ẹ fi kábọ̀n, ìyẹn èédú tí wọ́n ń kó sínú asẹ́ omi, fa kọ́pà náà kúrò nínú omi, ẹja tó ti rù ò lè gbé ẹrù méjì.

Ìbéèrè: Ṣé inú omi ni kí n da metronidazole sí, àbí inú oúnjẹ?

Inú oúnjẹ, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń jẹun. Lóòótọ́, ẹja òkun máa ń mu omi, torí pé iyọ̀ ń fa omi kúrò lára rẹ̀, àmọ́ oúnjẹ ló ń gbé oògùn dé ibi tí aràn wà gan-an. Ìwọ̀n rẹ̀ ni miligíráàmù 10 sí gíráàmù oúnjẹ kan, fún ọjọ́ 5. Ìyẹn ni pé oògùn miligíráàmù 250 kan tó gíráàmù 25.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń jẹ́ kí edé dídì yọ́, màá fi aṣọ fún omi rẹ̀ dànù, màá sì gé e wẹ́wẹ́. Màá po gelatin díẹ̀ mọ́ omi gbígbóná, màá dúró títí ìka ọwọ́ mi yóò fi lè gbà á, kí n tó da lẹ́búlẹ́bú oògùn sí i. Màá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, màá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú nylon, ó di inú ẹ̀rọ amóhundì. Metronidazole korò gan-an, ẹja kan lè jẹ ẹ́ kó sì tu ú jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un, nígbà tí ebi bá ń pa á.

Bó bá ti kọ oúnjẹ, ẹ gbé e sí táǹkì ọ̀tọ̀, kí ẹ fi miligíráàmù 250 sí omi lítà 38 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 5, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi kí àmóníà, májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá, má bàa gbéra. Ó sàn ju kí ẹ máa wò ó níran, àmọ́ kò tó ti inú oúnjẹ; ìdí tí mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kó tó kọ oúnjẹ nìyẹn.

Ìbéèrè: Iyùn òkun àti ìgbín wà nínú táǹkì mi. Ṣé mo lè tọ́jú ẹja náà níbẹ̀?

Mi ò ní dá a láṣà. Fenbendazole tó bá ṣẹ́kù lè pa ìgbín àtàwọn aràn olówùú tí ẹ fowó rà, ìyẹn aràn òkun tó ní ohun tó dà bí ìyẹ́ lórí, tí wọ́n ń tọ́ fún ẹwà. Bí ẹ bá lo praziquantel sínú omi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́ gidi, kó má di pé ẹja ń mí gúlegúle.

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹta rèé, ìgbẹ́ ti dúdú. Ṣé mo lè dáwọ́ dúró?

Rárá o, ẹ parí ọjọ́ 5 náà. Ní ti fenbendazole, miligíráàmù 2.5 sí gíráàmù oúnjẹ kan fún ọjọ́ 3 ni, ẹ ó sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 14 sí 21. Ẹ máa fi rọ́bà fa ìgbẹ́ kúrò nílẹ̀ táǹkì lójoojúmọ́, torí inú ìgbẹ́ ni Spironucleus ti ń kó ran ẹja mìíràn. Aràn pẹlẹbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ràn káàkiri bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dá mìíràn kọjá.

Ẹran kì í padà sára lọ́jọ́ kan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè lónìí, kí ẹ tún yà á lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i.