Àṣìṣe tí ẹgbẹ́ elédè Faransé ní Kánádà máa ń ṣe bí wọ́n bá ń bá ìjọba ṣiṣẹ́

Tí a bá yọ Quebec kúrò, kò sí ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà tí elédè Faransé ti pọ̀ ju elédè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Owó ilé ẹ̀kọ́, ìlera àti ìwáṣẹ́ wọn, ọwọ́ ìjọba ló ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ gba àdéhùn tí ọ̀rọ̀ èdè inú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ní 2008, ìjọba àpapọ̀ gbé ìrànwọ́ fún àwọn tó ń wáṣẹ́ lé British Columbia lọ́wọ́. Àdéhùn náà ní kí wọ́n máa fi Faransé dáni lóhùn níbi tí àwọn tó nílò rẹ̀ bá ti pọ̀. Kò dárúkọ ẹgbẹ́ tí yóò ṣe é. Nígbà tí ìpínlẹ̀ náà wá tún iṣẹ́ tò, tó dà á pọ̀ sábẹ́ ọ́fíìsì kan náà fún tẹrú-tọmọ, àwọn ẹgbẹ́ elédè Faransé tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ pàdánù kọ́ńtíráàtì wọn. Elédè Faransé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì pàdánù ẹjọ́ ní 2018; ó di 2022 kí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn tó dá wọn láre.

Torí náà, ẹ ní kí àdéhùn dárúkọ iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Faransé, ìlú tí ọ́fíìsì yóò wà, ẹgbẹ́ elédè Faransé tí yóò bójú tó o, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìpínlẹ̀ bá yẹ̀ ẹ́. Òfin Èdè tí wọ́n tún ṣe ní 2023 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa sapá kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ inú àdéhùn. Ìsapá yẹn kò ní le tó bí ẹ kò bá tì wọ́n, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, kóòtù ló kù.

Lórí ilé ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe kó iye ọmọ tó ti wà ní kíláàsì nìkan lọ. Abala 23 ìwé ẹ̀tọ́ ọmọ Kánádà ti 1982 fún òbí elédè Faransé láyè láti fi Faransé kọ́ ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́ ìjọba níbi tí ọmọ bá ti pọ̀ tó, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ sì sọ nínú ẹjọ́ Mahe ní 1990 pé iye tí a ó wò wà láàárín àwọn tó ti ń béèrè àti gbogbo àwọn tó lè lò ó. (Ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì sí, ta ni yóò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀?) Ìkànìyàn 2021 ló kọ́kọ́ ka àwọn ọmọ tí ẹ̀tọ́ yìí kàn. Ẹ lò ó.

Ẹgbẹ́ tún máa ń gbàgbé àwọn tó ti Áfíríkà dé. Ará Kétu láti Benin tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, tó ń sọ Faransé nílé, elédè Faransé ni lójú ìjọba Ontario láti 2009. Ẹ kà á mọ́ yín. Àmọ́ ẹ má ṣe tàn án pé abala 23 ti gba ọmọ rẹ̀ wọlé, nítorí òbí tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà nìkan ni abala náà ń bá wí. Ìgbìmọ̀ ìgbàwọlé ilé ẹ̀kọ́ ni kó kọ̀wé sí.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé inú rere. Ní 1997, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Ontario gbé kalẹ̀ fẹ́ ti ilé ìwòsàn Montfort ní Ottawa pa. Èrò tú jáde láti kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ gidi ní kóòtù ni pé orúkọ Montfort ti wà lábẹ́ òfin Ontario ti 1986 lórí iṣẹ́ ìlú ní èdè Faransé. Wọ́n borí ní 2001. Bí ilé iṣẹ́ yín ní Ontario kò bá tíì ní irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀: ìjọba yóò wò ó bóyá iṣẹ́ Faransé yín dára tó sì wà títí, bóyá ó rọrùn láti rí gbà, àti bóyá elédè Faransé wà nínú ìgbìmọ̀ alákòóso àti láàárín àwọn ọ̀gá.