Alẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú Mushishi: bí mo ṣe kọ́ láti wo anime tó ń rọra rìn

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí á mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, òun náà la fi ń parí rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí anime, ìyẹn eré àwòrán àwọn ará Japan, tí mo fẹ́ràn láti kékeré fi jẹ́ èyí tó gbóná: ìjà, eré sísá, kí ẹnì kan máa fi gbogbo ohùn rẹ̀ pe orúkọ agbára tó fẹ́ lò. Mo ṣì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá wo irú eré bẹ́ẹ̀ tán, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń bá mi dé orí bẹ́ẹ̀dì. Oníbàárà wa kan ló sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo Mushishi. Àmọ́ ẹ má kánjú sí i o."

Mo kánjú sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wo ìpín mẹ́ta léraléra, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo tún mú kí eré náà máa yára ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo parí, n kò lè sọ ohun tí mo wò fún ẹnikẹ́ni. Díẹ̀ ló kù kí n pa á tì. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo rántí bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Bí o bá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á tún ìkòkò tábà wọn ṣe, kí wọ́n tó lanu. Ọmọ wo ló máa ní kí wọ́n yára? Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kí n jókòó ti eré yìí bí mo ṣe máa ń jókòó tì wọ́n.

Kí n sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin ará Japan kan, Yuki Urushibara, ló kọ ìtàn náà, òun náà ló sì ya á, nínú àfikún ìwé ìròyìn Afternoon, àti lẹ́yìn náà nínú Afternoon fúnra rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Kodansha ń tẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, láti 1999 títí di 2008. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di anime, Hiroshi Nagahama ló darí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Artland, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ìpín 26. Òru ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, nígbà tí ọmọdé ti sùn. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ní ti àgbàlagbà ni, kì í ṣe ìhòòhò, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wí. Ohun tí mò ń wí ni eré tó gbà pé o ti ṣòfò èèyàn rí, tó gbà pé o lè fara da ìṣòro tí kò ní ojútùú, tí kò sì ní wá máa ṣàlàyé ọkàn rẹ fún ọ.

Mushi ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀dá kan nínú ìtàn náà. Wọn kì í ṣe ewéko, wọn kì í ṣe ẹranko, wọ́n sún mọ́ orísun ìyè ju gbogbo wa lọ. Wọn ò níkà nínú, wọn ò sì ní oore nínú. Wọ́n ń wá ọ̀nà àtiwà láàyè ni, àwa èèyàn ló sì máa ń bá wọn pàdé lójú ọ̀nà. Ginko ni ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn tí mushi bá bá jà. Irun rẹ̀ funfun, ojú kan ló ní, ó ń gbé àpótí igi sẹ́yìn, ó sì ń mu sìgá tí èéfín rẹ̀ ń lé mushi. Ara òun fúnra rẹ̀ ń fa mushi mọ́ra, nítorí náà kò lè pẹ́ ní ìlú kankan. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, kò sí ọ̀tá ńlá kan tó ń dúró dè wá lópin.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Ìpín kan lálẹ́, kò gbọdọ̀ di méjì, bó ti wù kó dùn tó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni. Mo máa ń fi dátà òru gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n má baà jókòó máa wo àmì tó ń yí. Fóònù mi á wà ní yàrá kejì. Mo máa ń ki íàpíìsì bọ etí, torí pé ìró ni ìdajì eré yìí: kòkòrò, omi, ẹsẹ̀ lórí koríko gbígbẹ. Bó bá jẹ́ ẹnu láptọ́ọ̀pù lásán ló ti ń jáde, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì á bò ó mọ́lẹ̀. Ohùn Japan ni mo fi gbọ́, mo sì ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Kí n tó sùn, mo máa ń kọ ìlà méjì sínú ìwé kékeré kan: ìlà kan fún ohun tí mo rí, ìkejì fún ohun tí kò yé mi.

Orin ìparí náà, n kì í fò ó. Toshio Masuda ló ṣe orin eré yìí, ìpín kọ̀ọ̀kan ló sì ṣe orin ìparí tirẹ̀ fún. Ìpín ìkọkànlá ni mo tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì padà lọ gbọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní alẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìṣòro mi. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹnì kejì ò ní fèsì, àwòrán á dúró sórí òkè tí kùrukùru bò. Ọwọ́ mi á máa wá nǹkan tẹ̀. Mo wá ka ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́. Lọ́dún 2002, Hayao Miyazaki, ará Japan tó ń darí fíìmù anime, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará Japan ń pè ní "ma" fún Roger Ebert, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù. Ó pàtẹ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ó ní àlàfo tó wà láàrin àtẹ́wọ́ kan sí òmíràn ni ma. Ẹni tó bá ti gbọ́ onídùndún rere rí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí onílù kò bá dánu dúró, ìlù kò lè sọ̀rọ̀, ariwo lásán ni yóò máa pa.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ ìdúró yìí pẹ̀lú. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ayàwòrán Osamu Tezuka ti gbé anime rẹ̀, Astro Boy, sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1963, àwọn ayàwòrán Japan sábà máa ń fi àwòrán kan dúró fún mẹ́ta, kí wọ́n lè ya mẹ́jọ péré, torí owó ò tó, àkókò náà ò sì tó. Ohun tó wú mi lórí nínú Mushishi ni pé wọ́n mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ojú Ginko lè má mira, kí èéfín sìgá rẹ̀ sì máa lọ́ lọ sókè. Èéfín yẹn ni wọ́n fẹ́ kí n wò.

Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Mo ń po íǹkì, mo mọ ìyà tí àwọ̀ ewé máa ń fi jẹ èèyàn. Bí cyan, íǹkì aláwọ̀ búlúù, bá pọ̀ díẹ̀, ó ti dà bí òkú ewé. Bí yẹ́lò bá gorí rẹ̀, ó ti dà bí ọ̀dà ilé. Nínú ìpín àkọ́kọ́, níbi tí ọmọ kan tó ń fi ọwọ́ òsì yàwòrán ti rí i pé ohun tó bá yà á di alààyè, mo ka oríṣi àwọ̀ ewé méje nínú igbó kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó bá èkejì jà.

Alẹ́ kẹta ni eré náà mú mi. Abúlé kan wà láàrin òkè, òjò dídì bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, mushi kan sì ń jẹ ìró. Etí kan àwọn ará abúlé di. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Maho ni tirẹ̀ yàtọ̀: ìwo hù sí i lórí, ariwo tí kò dáwọ́ dúró ni òun ń gbọ́. Àìsàn yẹn kan náà ló ti pa ìyá rẹ̀. Ìyá náà sì ti sọ fún un rí nípa ìró tí èèyàn ń gbọ́ bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí. Inú ìró yẹn ni ìwòsàn wà. Mo yọ íàpíìsì, mo fi ọwọ́ bo etí èmi náà. Ó ń kùn lọ́nà jíjìn, bí ọkọ̀ ńlá tó ń gòkè. Iṣan ọwọ́ mi ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà láàrin ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, n kò sì tíì gbọ́ ara mi rí. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí iná fi lọ.

Àwọn ìpín kan wà láàrin tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Aláìsàn wà, Ginko dé, ó jókòó, ó ṣàlàyé mushi fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Mo wò wọ́n tán, mo kọ ìlà méjì mi, mo sùn.

Ìpín 20 sì tún jí mi padà. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Tanyu, ní mushi kan tí wọ́n sé mọ́ inú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà dúdú bí íǹkì. Àfi kó máa kọ ìtàn bí wọ́n ṣe pa àwọn mushi mìíràn sílẹ̀ kí ohun tó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ di ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìrora. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ ìtàn fún un ń fi mushi tí wọ́n pa yangàn. Ginko ní tirẹ̀ mú ìtàn mushi tí kò pa wá. Nígbà tí kòkòrò jẹ ìwé, àwọn lẹ́tà sá kúrò lójú ewé, wọ́n ń rá pálá lórí ògiri. Tanyu mú igi tí wọ́n fi ń jẹun, ó ń he wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n padà sáyè wọn. Mo ti rí lẹ́tà tó ṣí kúrò lójú ìlà, mo ti rí íǹkì tó tú. N kò rí ẹni tó fi ìfẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó wọn jọ rí. Ìlà méjì kò gba ohun tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ojú ewé mẹ́ta ni.

Àbúrò mi obìnrin, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, wọlé ní alẹ́ kẹsàn-án, ó dúró lẹ́yìn àga. "Bùrọ̀dá, ìgbà wo ni wọ́n máa jà?"

Mo ní wọn ò ní jà.

"Kí wá ni wọ́n ń ṣe?"

Mo yọ íàpíìsì kan fún un. Ó kọ́kọ́ fìdí kan jókòó bí ẹni tó fẹ́ lọ. Nígbà tí orin ìparí bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ láti pa á, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó parí ná." Láti ọjọ́ yẹn, àwa méjì la jọ ń wò ó.

Alẹ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, a parí rẹ̀. Èyí tó kù, Mushishi Zoku Shō tí wọ́n ṣe ní 2014, a ò tíì fọwọ́ kàn án, torí pé àbúrò mi pàdánù ìpín mẹ́jọ àkọ́kọ́, ó sì ní òun fẹ́ wò wọ́n kí a tó tẹ̀ síwájú. Ó ti wà lórí ìkẹta báyìí. Lánàá, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a nínú pálọ̀, láptọ́ọ̀pù wà níwájú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo dúró síbẹ̀ títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò.