Ẹ yé pè é ní ogbó: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ikọ́ fée àwọn àgbàlagbà

Màmá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, wọ́n dúró láàárín, wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Àgbà ló dé o, ọmọ mi." Gbogbo ilé á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló bí ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tó kù. Lóòótọ́, agbára ẹ̀dọ̀fóró máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè, àmọ́ ogbó kì í mú kí àyà máa súfèé. Ogbó kì í fi ikọ́ jí èèyàn ní aago mẹ́ta òru. Àìsàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ní orúkọ.

Ohun tó ń tàn wá ni pé a ka ikọ́ fée sí àìsàn ọmọdé. Ẹni tí kò ní in rí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní in lẹ́yìn ọdún 65, ẹni tó sì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré lè tún bá a pàdé. Àwọn àgbàlagbà gan-an ló sì ń pa jù. Ìdí kan ni pé ara tó ti dàgbà kì í tètè fura mọ́ nígbà tí ọ̀nà èémí bá ń fún. Bàbá á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè sọ gbólóhùn kan parí kí wọ́n tó mí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ìjọsìn tẹ́lẹ̀, tó wá ń wá ẹni tí yóò gbé òun, ó ti sọ fún yín.

Ẹ má sì fi etí lásán dá a mọ̀. Àrùn ọkàn lè mú kí àyà súfèé, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá ń fà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì sì ní méjì pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tí wọn ò lè sùn àfi kí wọ́n to ìrọ̀rí ga, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn wò. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní spirometry ló sábà máa ń la ọ̀rọ̀ náà: wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kan tagbáratagbára, wọ́n á fa salbutamol, oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á tún fẹ́ ẹ. Bí èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ bá fi ìdá 12 nínú 100 lé sí i, tí àlékún náà sì tó milílítà 200, ikọ́ fée la máa fura sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù nìyí: ọwọ́ tó di inhaler mú, ìyẹn agolo oògùn tí à ń fi ẹnu fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo máa ń ní kí àwọn àgbà lo tiwọn lójú mi, etí ẹnu wọn ni mo sì máa ń wò. Bí mo bá rí ìkùukùu funfun kékeré tó yọ létí ètè, mo ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ilé ló ń lo oògùn náà, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó pa ètè dé, àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú èémí kan ṣoṣo. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ mí síta tán, ẹ pa ètè mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa fà á lọ, kí ẹ wá sé èémí títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀wá. Ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tẹ èkejì. Ti oníyẹ̀fun yàtọ̀ pátápátá: fífà kíákíá pẹ̀lú agbára ló fẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo àgbà ló ní agbára yẹn. Ẹni tí làkúrègbé ti mú ìka rẹ̀ le, kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kó sì béèrè fún spacer, ike oníhò tí wọ́n ń fi sí ẹnu inhaler, tó ń gba oògùn dúró kí èèyàn tó fà á. Bó bá jẹ́ tèmi ni, gbogbo àgbà tó ń lo alátẹ̀ ni ì bá máa lò ó. Ẹ má sì ju agolo rẹ̀ sómi láti mọ̀ bóyá oògùn ṣì kù. Irọ́ ni omi máa pa fún yín. Ẹ ka iye tí ẹ ti tẹ̀.

Ti inhaler aláwọ̀ búlúù, èyí tó ní salbutamol nínú, náà ńkọ́? Ó ń yára ṣiṣẹ́, gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń pa èyí tó ní steroid nínú, oògùn tó ń mú wíwú inú ọ̀nà èémí wálẹ̀, tì ní kété tí ara bá yá. Búlúù ń la ọ̀nà èémí fún wákàtí díẹ̀ ni. Kò kan wíwú tó wà nínú ọ̀nà náà. Láti ọdún 2019 ni GINA, àwọn tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée fún gbogbo àgbáyé, ti ní ká yé fi salbutamol nìkan tọ́jú ẹni tó ti dàgbà. Bí wọ́n bá ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àìsàn náà ò sí níkàáwọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń sá fún steroid inú inhaler ló tún ń gbé prednisolone, steroid oníhóró, mì léraléra, bẹ́ẹ̀ oníhóró yẹn gan-an ló ń sọ egungun di fẹ́lẹ́, tó ń gbé ṣúgà sókè. (Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ má dá a dúró lójijì láìbi dókítà.) Ní ti inhaler, ẹ fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tu omi náà dànù, kí ahọ́n má bàa funfun bí ẹfun.

Oògùn àìsàn mìíràn náà ń dá kún un. Ta ló máa rò pé oògùn tí a kán sójú lè fún ọ̀nà èémí? Timolol tí wọ́n ń kán fún glaucoma, àrùn ojú tó lè fọ́ni lójú, ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń gba ojú dénú imú, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Propranolol tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ṣe é. Ibuprofen, diclofenac àti aspirin tí wọ́n ń lò fún orúnkún ń ṣe é fún àwọn kan, kì í ṣe gbogbo èèyàn. Lisinopril àti enalapril tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè fa ikọ́ gbígbẹ tí a ó máa pè ní ikọ́ fée lásán. Ẹ má fúnra yín dá oògùn kankan dúró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, tojú tòun ti tẹnu, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára flu ọdọọdún níbẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ tí èémí bá há, ẹ má dá wọn dùbúlẹ̀, ẹ má fi nǹkan ra wọ́n láyà, ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹ mú wọn jókòó ṣánṣán. Ẹ fún wọn ní búlúù, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹnì kan sì ti máa pe ọkọ̀ ìwòsàn. Bí wọn ò bá lè sọ gbólóhùn parí, tí ètè ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu mọ́, ilé ìwòsàn ló kù. Bí súfèé inú àyà bá sì dákẹ́ lójijì tí ara ò yá, ẹ má dúpẹ́ pé ó ti lọ. Afẹ́fẹ́ ni kò wọlé mọ́.